Ẹ̀ẹ̀mejì ni ṣakabùlà ń rú èéfín

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí n kó iṣẹ́ ìpín kẹrin eré tẹlifíṣọ̀n wa sílẹ̀ nígbà tí mo gbé fóònù mi lé Bàbá, ọdẹ àgbà kan tí mo mọ̀ láti kékeré, lọ́wọ́ pé kí wọ́n bá mi wo ohun tí mo ṣe. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wọn la jókòó sí, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, oòrùn ti ń rọlẹ̀. Bàbá na ọwọ́ tí wọ́n fi mú fóònù náà jìnnà sí ojú, wọ́n wò ó tán, wọ́n ní kí n tún un gbé. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n wá bi mí pé:

"Ta ló yin ìbọn yìí?"

Mo ní òṣèré ni, Bàbá.

"Mo mọ̀ pé òṣèré ni. Ìbọn tí mo rí yìí, ẹnu nìkan ló ti yọ iná. Etí rẹ̀ ńkọ́?"

N kò rí èsì fọ̀. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń fi iná sí ẹnu ìbọn lórí kọ̀ǹpútà, kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè etí ìbọn rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá ya eré tán, ohun tí kámẹ́rà kò rí ni mo máa ń fi sí i: iná, èéfín, ẹ̀jẹ̀, eruku tí ọta hú lára ògiri, gíláàsì tó fọ́. Ohun tí kámẹ́rà rí tí a kò sì fẹ́, èmi náà ni mo máa ń pa á rẹ́: wáyà iná tó gba ojú sánmọ̀ kọjá, obìnrin oníbúrẹ́dì tó yọjú lẹ́yìn níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sá fún ikú. VFX ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ẹ̀fẹ́ẹ̀tì làwọn ará lokéṣọ̀n, ibi tí a ti ń ya eré, ń pè é.

Síríìsì tí à ń ṣe lọ́wọ́ yìí, ìpín mẹ́wàá ni. Àwọn ọdẹ abúlé kan ń wá àwọn ọmọ ilé ìwé tí àwọn ajínigbé kó wọgbó. Oríṣi ìbọn méjì ló ń ké nínú rẹ̀: AK lọ́wọ́ àwọn ajínigbé, ṣakabùlà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ. Mo ka iye ìgbà tí ìbọn dún nínú ìpín kẹrin nìkan, ó jẹ́ 137. Èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì la pín in ṣe, nínú yàrá kan ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn.

Kò sí ìkankan nínú 137 yẹn tó dún ní lokéṣọ̀n. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn iṣẹ́ yìí.

Nígbà tí a kọ́kọ́ jókòó sọ̀rọ̀, olùdarí wa, tí mo ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, fẹ́ kí a yá ṣakabùlà gidi, kí a ki ẹ̀tù sí i, kí a má ṣe fi ọta sí i. Wọ́n ní, "Ẹ̀tù lásán ni, àbúrò. Kì í pààyàn." Mo ní, Ẹ̀gbọ́n, ó ń pààyàn. Mo wá sọ ìtàn Jon-Erik Hexum fún wọn. Ọdún 1984 ni, ní Amẹ́ríkà, eré tẹlifíṣọ̀n oníjà bíi tiwa yìí ló ń ṣe, Cover Up ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ọdún 26 ni. Wọ́n ń dúró kí iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, ló bá fi ìbọn tí kátíríìjì aláìlọ́ta wà nínú rẹ̀ ṣeré, ó gbé e ti ẹ̀bátí, ó fà á. Kò sí ọta níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí wọ́n fi dí ẹ̀tù náà àti ipá tó fi jáde ló fọ́ eegun agbárí rẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ló kú. Ní 1993 ó tún kan Brandon Lee, ọmọ ọdún 28, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Nígbà tó di ọjọ́ 21 oṣù October ọdún 2021, ìbọn tí wọ́n ní ó ṣófo pa Halyna Hutchins, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àwọn oníkámẹ́rà níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù Rust ní New Mexico. Ọta gidi ló wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ni ẹni tó ń darí The Rookie, eré tẹlifíṣọ̀n lórí àwọn ọlọ́pàá Los Angeles, kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé ìbọn gidi kò gbọdọ̀ wọ lokéṣọ̀n wọn mọ́. Ìbọn ìṣeré tó ń fi afẹ́fẹ́ ta kóró ike ni wọn yóò máa lò, àwọn oníkọ̀ǹpútà ni yóò sì máa fi iná sí ẹnu rẹ̀. Ibùdókọ̀ Challenge ni mo wà nígbà tí mo ka ìròyìn náà. Ọkọ̀ méjì kún, wọ́n lọ, n kò wọ ìkankan. Àwọn oníkọ̀ǹpútà. Èmi nìyẹn. Títí di ọjọ́ yẹn, mo rò pé ẹ̀ṣọ́ ni iná ìbọn tí mò ń ṣe, bí ìgbà tí èèyàn bá lẹ òdòdó mọ́ aṣọ.

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ó dáa, fi tìrẹ sí i. Ṣùgbọ́n tí kò bá jọ ìbọn, èmi àti ẹ ni."

Gbẹ́nàgbẹ́nà ló gbẹ́ àwọn ìbọn wa. Igi ni ìdí wọn, páìpù omi onírin ni ọ̀pá wọn. Ó jọ ọ́ débi pé wọ́n dá ọkọ̀ wa dúró lójú ọ̀nà bí a ti ń lọ sí lokéṣọ̀n, wákàtí mẹ́ta la fi ṣàlàyé, ìgbà tí a ṣẹ́ ìdí ọ̀kan sí méjì lójú wọn ni wọ́n tó gbà pé igi ni.

Ti AK, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Férémù 25, ìyẹn àwòrán dídúró 25, ni kámẹ́rà wa ń yà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, iná ẹnu ìbọn kì í sì í pẹ́ tó férémù kan. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ máa ń dijú: ìdajì àkókò férémù kọ̀ọ̀kan ló fi ń ríran, ìdajì tó kù, ojú rẹ̀ wà ní pípadé. Ẹ yin ìbọn gidi níwájú rẹ̀, iná mìíràn yóò wà níbẹ̀ tí kò ní rí rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fo àwọn kan. Ọta mẹ́ta lè jáde kí iná sì yọ lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀kan tóbi, kí èkejì jẹ́ bíntín. Tí gbogbo rẹ̀ bá ń yọ ní ọgbọọgba, ojú òǹwòran á mọ̀ pé irọ́ ni, kódà bí ẹnu rẹ̀ kò bá lè sọ ìdí.

Ohun tó sì ń bà mí nínú jẹ́ nínú ọ̀pọ̀ eré oníjà wa ni pé wọ́n á fi iná sẹ́nu ìbọn lóru, wọn ò ní fi ìmọ́lẹ̀ sójú ẹni tó mú un. Iná á tóbi tó orí ènìyàn, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú, àgbọ̀n rẹ̀ á dúdú, aṣọ rẹ̀ á dúdú. Èmi kì í dúró dìgbà tí mo bá dé ìdí kọ̀ǹpútà. Mo máa ń wà ní lokéṣọ̀n, mo máa ń fún ọmọ iṣẹ́ mi ní iná LED kékeré, òun ni yóò máa tàn án pa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí òṣèré bá ti mi èjìká. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ojú òṣèré á jẹ́ ìmọ́lẹ̀ gidi. Iná tí màá wá fi sẹ́nu ìbọn lẹ́yìn náà á rí ilé bá.

Ti ṣakabùlà ni n kò mọ̀, n kò sì mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ti dolóògbé ni Bàbá yìí. Láti kékeré ni mo ti máa ń kí wọn ní "Àrìnpa o" tí wọ́n bá ń ti oko ọdẹ bọ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ́ mi. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé ìbọn tiwọn jáde. Kí wọ́n tó sọ ohunkóhun, wọ́n ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu rẹ̀ títí ó fi kan ìsàlẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò sàmì sí ibi tí ọ̀pá náà dé, wọ́n yọ ọ́, wọ́n wá gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ìbọn níta kí n lè rí i pé ó wọlé délẹ̀. Wọ́n ní, "Wọn kì í gbà pé ìbọn ṣófo. Wíwò ni wọ́n ń wò ó." Mo rántí New Mexico.

Wọ́n wá fi etí ìbọn hàn mí. Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún níbi ìdí ọ̀pá, kò fẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ ńlá lọ. Àwo irin kékeré kan wà lábẹ́ ihò náà. Ẹ̀tù díẹ̀ ni wọ́n ń bù sínú àwo yẹn, èyí tó pọ̀ ti wà nínú ikùn ìbọn. Tí ìka bá fà á, òkúta tó wà lẹ́nu òòlù rẹ̀ á há irin, iná á ta sínú àwo, ẹ̀tù ibẹ̀ á gbiná, iná á gba inú ihò wọlé lọ bá ti inú. Ìgbà yẹn ni ẹnu ìbọn tó sọ̀rọ̀.

"Fààà, gbòà!" Bàbá fi ẹnu ṣe é. Wọ́n tún un ṣe kó má baà bọ́ lọ́wọ́ mi. "Fààà, gbòà! O gbọ́? Èéfín méjì. Ti etí á kọ́kọ́ jáde, á dúró sí ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ báyìí. Ti ẹnu á tẹ̀ lé e."

Mo ṣí ìwé, mo yà á. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n tún un yà.

Wọ́n bi mí léèrè àwọ̀ èéfín tí mo fi sí i. Mo ti ṣe é ní eérú, bíi ti táyà tó ń jó. Wọ́n ní rárá, funfun ni, ó nípọn, ó sì máa ń rọ̀ sínú igbó bí ìkùukùu àárọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èédú, imí ọjọ́ àti iyọ̀ tí òyìnbó ń pè ní saltpetre ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù dúdú. Tó bá jó, ohun tó ju ìdajì rẹ̀ lọ kì í di afẹ́fẹ́. Ìyẹ̀ lẹ́búlẹ́bú ló ń dà, ìyẹ̀ náà la ń rí bí èéfín tó funfun yẹn. Ẹ̀tù inú ọta AK kò rí bẹ́ẹ̀, èéfín tirẹ̀ kéré. Tí ọdẹ kan bá yin ṣakabùlà nínú eré wa, ó yẹ kí ó pa mọ́ sẹ́yìn èéfín ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó má rí ẹran, kó má rí ọ̀tá. Nínú tèmi, ó ń rí gbogbo ayé.

Bí mo ti fẹ́ gba fóònù mi padà, Bàbá tún fi ìka kan gíláàsì rẹ̀. "Imọ̀ ọ̀pẹ yìí, ọ̀tún ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ lọ. Èéfín ẹ ń lọ sósì." Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń wo ṣọ́ọ̀tù yẹn, abala kan tí kámẹ́rà yà láìdáwọ́ dúró, lójoojúmọ́.

Mo padà sí Ìbàdàn lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pa gbogbo èéfín tí mo ti ṣe rẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Èéfín tuntun náà, a kò fi kọ̀ǹpútà dá a. A ra aṣọ dúdú ní Gbági, ọ̀pá márùn-ún, a fi kọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé lóru. A gbé iná kan sí ẹ̀gbẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò kan aṣọ náà. Ọmọ iṣẹ́ mi ki pàúdà ọmọdé sínú páìpù, ó bo imú, ó fẹ́ ẹ. Ó jáde bọ̀ọ̀, funfun, nínípọn, ó ká ara rẹ̀ sókè bí orí agbò. Kámẹ́rà ń yà á ní férémù 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kí n lè fà á gùn bí mo bá ti fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélọ́gọ́ta la fẹ́ ẹ, títí aago méjì òru. (Fúláwà ni ẹnì kan kọ́kọ́ dábàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò nítòsí iná. Fúláwà tó fọ́n ká sínú afẹ́fẹ́ máa ń gbiná, ó sì máa ń bú gbàù.)

Ìdí tí aṣọ fi gbọ́dọ̀ dúdú ni pé nígbà tí mo bá gbé àwòrán èéfín lé àwòrán ọdẹ, ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń rò mọ́ ìmọ́lẹ̀. Dúdú kò ní ìmọ́lẹ̀ kankan, nítorí náà kò ní ohun tó máa rò mọ́ ọn. Á di òfo, èéfín nìkan á ṣẹ́kù. Kò sí gígé, kò sí lílẹ̀. Tí mo bá ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ tuntun, ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, mo sì máa ń rí i tí ojú wọn ń là.

Ṣùgbọ́n ibi tí èéfín bá gba ẹ̀yìn ènìyàn kọjá, gígé pọndandan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ gbérí ọdẹ, ẹ ro ó wò: aṣọ tí wọ́n so àdó, awọ àti owó ẹyọ mọ́ lára káàkiri, gbogbo rẹ̀ sì ń mì bí ọdẹ bá ń sáré. Férémù kọ̀ọ̀kan ni mo ní láti fi ìlà yí etí rẹ̀ po, kí èéfín lè wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ó má gun orí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀tù tó le jù jẹ́ férémù 84. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin lójú òǹwòran. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gé e, owó ẹyọ kan lẹ́yìn òmíràn. Jẹnẹrétọ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì láàárín rẹ̀. Ínfátà ló gbà wá.

Blender, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán, ni mo fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé sí mi mọ ìdí tó fi jẹ́ ọ̀fẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ni ín ní Netherlands kógbá sílé, ọkùnrin tó dá a sílẹ̀, Ton Roosendaal, ní òun lè rà á kúrò lọ́wọ́ àwọn tó fowó sí i ní 100,000 euro, kí ó lè di ti gbogbo ayé. Ọ̀sẹ̀ méje ni àwọn tó ń lò ó fi dá owó náà, ní ọdún 2002. Àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ mí, tí wọn kò mọ Òkè-Àdó, dáwó, mo sì ń fi jẹun lónìí. N kò lè ṣí i láàárọ̀ kí n má dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n wo èéfín tuntun náà, inú wọn kò dùn. Iná pupa ńlá ni wọ́n fẹ́, iná tó máa jáde ní ìwọ̀n apá ènìyàn. Wọ́n ní òǹwòran yóò rò pé ìbọn kò dún. Mo ní, Ẹ̀gbọ́n, ní ọ̀sán gangan, oòrùn ti pa iná yẹn. Èéfín la máa rí. A fà á títí. Mo sọ pé àwọn ọdẹ yóò wo eré yìí, àwọn ọmọ ọdẹ yóò wò ó, wọ́n sì mọ̀. Wọ́n ní ọdẹ mélòó ló ń wo tẹlifíṣọ̀n? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mo sì sọ ọ́ fún wọn pé ó dùn mí. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fi ti ọ̀sán sílẹ̀ fún mi bí mo ti ṣe é, èmi náà gbà láti jẹ́ kí iná ti òru tóbi díẹ̀ sí i. Lóru, ẹ̀tù dúdú ń tan iná lóòótọ́, n kò parọ́.

Ọ̀kan wà tí n kò rí gbà. Ọdẹ kan wà lórí àpáta, ó tó 200 mítà sí kámẹ́rà. Ìró ń rìn ní nǹkan bíi 340 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ó yẹ kí èéfín yọ, kí a tó gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́yìn férémù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ní yóò dà bíi pé àwọn ẹ́dítọ̀ ṣe àṣìṣe. Ìró àti èéfín jọ jáde báyìí. Mo ṣì rò pé ohun tí mo sọ ló dáa jù.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, mo padà sí Ìsẹ́yìn. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ lọ́tẹ̀ yìí, kí Bàbá má baà máa fún ojú. Mo gbé e lé orí àpótí lábẹ́ máńgòrò, mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Èéfín etí jáde, férémù mẹ́ta kọjá, ẹnu ìbọn dún, èéfín funfun bo ọdẹ náà, afẹ́fẹ́ rọra gbé e lọ sápá ọ̀tún pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ. Bàbá ní kí n tún un gbé. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ ọmọ wọn kan tó dúró lẹ́yìn wọn ní, "Fààà, gbòà!" Bàbá mi orí sí i.

Wọ́n wá sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà dáadáa.

"Ọmọ mi, èéfín yìí, ṣakabùlà ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọkùnrin yìí kò dijú? Iná ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ níbí, ó wá ranjú. Ọdẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á dijú, á yí ojú sápá kan díẹ̀."

Ọ̀pá páìpù omi ni òṣèré náà dì mú. Kò sí ohun tó jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀. Kí ló fẹ́ mú un dijú?

Mo wo ṣọ́ọ̀tù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ bí a ti ń padà bọ̀. Kí ọdẹ náà tó gbé ìbọn sókè, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, nítorí òógùn tó ń ṣàn wọ ojú rẹ̀. Férémù mẹ́fà péré ni. Mo gé ìpéǹpéjú yẹn, mo gbé e wá síwájú, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú rẹ̀ níbi tí iná etí ti yọ, mo tún àwọ̀ ara ṣe kí òjìji rẹ̀ lè bára mu, mo sì so ó mọ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó lè máa bá orí rìn. Yíyí ojú sápá kan, n kò rí i ṣe. Ọjọ́ méjì ni mo fi dì í lójú.